Ilẹ̀, Ọ̀nà àti Ìwọ́de: Ìtàn Àìfọkànbalẹ̀ Àwọn Mẹ̀kúnnù ní Lekki àti Ajah

Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin Ọ̀sà Èkó ní àríwá àti Òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, tí ó gba Ajah kọjá, tí ó sì nà lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, ni àwọn ará Èkó ń pè ní Lekki lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Lekki gan-an tí gbogbo agbègbè náà yá orúkọ rẹ̀ lò jìnnà sí ibẹ̀, létí òkun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lekki. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ olówó ni orúkọ yìí, nítorí ilé gogoro, ilé ìtajà ńláńlá àti àwọn ẹ̀sìtéètì tí wọ́n fi géètì sé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ náà ni apẹja àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja tà, àwọn tí ọwọ́ wọn sì ń gbé e ró títí di òní ni ayálégbé, oníṣẹ́ ọwọ́, awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àti àwọn tí ń pàtẹ ọjà lẹ́bàá títì.

Àìfọkànbalẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ajé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú òṣì. Olóṣì ni ẹni tí kò ní. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè ní iṣẹ́, kí ó ní orúlé lórí, kí ó máa jẹun lóòjọ́, síbẹ̀ kí ó má mọ̀ bóyá ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí yóò ṣì jẹ́ tirẹ̀ lọ́la. Irú ìbẹ̀rù yìí, ju ebi nìkan lọ, ni ó ti ń lé àwọn ará Lekki àti Ajah jáde sí títì láti ọdún 1990, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà: ta ni ilẹ̀ wà fún, ta ni ọ̀nà wà fún, ta ni yóò sì jíhìn nígbà tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Láyé àtijọ́, àwọn olóyè Ìdéjọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà ní ìkáwọ́ ìdílé wọn, ni ó ń pàṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà: ìdílé Oníru ní ìhà Victoria Island àti Màrókò, ìdílé Ẹlẹ́gúshì ní ìhà Ìkátẹ̀, ìdílé Olúmẹ́gbọ́n ní ìhà Ajah. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀ dó sí, tí ó sì ń gba èbúté Palma àti ti Lekki bá àwọn oníṣòwò òkèèrè dòwò. Lẹ́yìn èyí, àdádó ni ibẹ̀ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, dé ibi pé nígbà rògbòdìyàn Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962, ìlú Lekki ni ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pamọ́ sí kí ẹsẹ̀ èrò má baà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ ni ó sọ àdádó náà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń du. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, dá Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, láre nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé àjùmọ̀ní ni ilẹ̀, àti pé ìjọba tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Herbert Macaulay ni ó tẹ̀lé olóyè náà dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 1978 yí ìpìlẹ̀ yìí padà, nítorí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó fún un ní àṣẹ láti gba ilẹ̀ nítorí àǹfààní gbogbogbòò, ó sì fi owó gbà-máà-bínú mọ sórí ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí ohun tí ó gbìn, kì í ṣe sórí iye tí ilẹ̀ náà ń tà. Láti ọjọ́ náà, apẹja tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń kó àwọ̀n sí etí ọ̀sà kí ìjọba Èkó tó wà di ẹni tí kò ní ìwé lórí ilẹ̀ tí ó ń gbé.

Màrókò ni ibi tí agbára òfin yìí ti kọ́kọ́ hàn ní gbangba. Ìlú náà wà ní ìtòsí Ìkòyí àti Victoria Island, ní orí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, tí omi sì máa ń yalé lásìkò òjò. Apẹja, akọ̀wé, ọlọ́pàá, alágbàfọ̀, télọ̀, tísà àti àwọn tí ń se oúnjẹ tà ni ó kún inú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nílé àwọn olówó tí ó múlé gbè wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 1990, gómìnà ológun, Raji Rasaki, kéde pé kí gbogbo wọn kó kúrò láàrin ọjọ́ méje. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé òkun lè gbé ìlú náà mì, àti pé wọ́n ní láti da yanrìn kún ilẹ̀ rẹ̀. Ní 14 oṣù Keje, àwọn katapílà wọlé pẹ̀lú sójà àti ọlọ́pàá, nígbà tí iṣẹ́ náà sì parí, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò nílé mọ́.

Ó tọ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀lé e dáadáa, nítorí àpẹẹrẹ tí ìjọba fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni ó tún padà ń jáde ní àwọn ibòmíràn. Ìwọ̀nba àwọn onílé, tí iye wọn kò tó 3,000, ni ìjọba gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ibùgbé mìíràn, ó sì kó wọn lọ sí àwọn ẹ̀sìtéètì ìjọba ní Ìlàsàn, ní Ìkọ̀tá àti ní Ẹ̀pẹ́, sínú àwọn ilé tí kò tíì parí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fèrèsé, tí kò ní omi. Ayálégbé, tí wọ́n pọ̀ ju onílé lọ fíìfíì, kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn kan wọ inú ilé ahoro tí ó wà nítòsí, àwọn kan sùn sí abẹ́ afárá, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé etí ọ̀sà lọ sí ìhà Ajah, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níbi tí katapílà kò tíì dé. Ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n lé jáde ní Màrókò fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì pẹjọ́. Àjọ SERAC, tí Felix Morka wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1995, gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọlé Ṣóyínká fi àwọn tí wọ́n lé ní Màrókò sínú eré oníṣe rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1995, The Beatification of Area Boy. Ní ti ilẹ̀ náà, tí wọ́n ní òkun fẹ́ gbé mì, yanrìn kún un lóòótọ́, àwọn tí ó sì ń gbé orí yanrìn náà lónìí jẹ́ ara àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà pé sójà lé mẹ̀kúnnù jáde bẹ́ẹ̀. Ní 28 oṣù Keje ọdún 1932, nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ènìyàn níbẹ̀, Ọ̀gágun Douglas MacArthur fi sójà àti ọkọ̀ ogun lé àwọn tí ó ti jagun Àgbáyé Kìn-ín-ní rí kúrò nínú àgọ́ tí wọ́n pa sí Washington, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè owó ìmoore tí ìjọba ṣèlérí fún wọn, wọ́n sì dáná sun àgọ́ náà. Ààrẹ Hoover pàdánù ìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn jagunjagun náà sì rí owó wọn gbà ní 1936. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìtàn méjèèjì ni pé ní Èkó ti 1990, kò sí ìbò tí ará Màrókò lè fi bá gómìnà ológun wíjọ́.

Ọ̀nà ni ó sọ ilẹ̀ Lekki di wúrà. Ní ayé ìjọba Alhaji Lateef Jákàǹdè, gómìnà alágbádá láti 1979 sí 1983, wọ́n ṣí ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn olówó oṣù kékeré sí Ìlàsàn, èyí tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Jákàǹdè títí di òní. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀sìtéètì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí owó wọn kò ká a sì ń sún síwájú, láti Ìkátẹ̀ sí Ajah, láti Ajah sí Bàdóòrẹ̀, Làńgbàsà àti Sangotẹ́dó. Ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ọ̀gá nínú jíìpù rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ nínú dáńfó.

Ní 2006, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá ilé iṣẹ́ Lekki Concession Company ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún: ilé iṣẹ́ náà yóò tún ọ̀nà náà ṣe, yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ láti fi san gbèsè rẹ̀ kí ó sì jèrè, lẹ́yìn náà ni yóò dá ọ̀nà padà fún ìjọba. Àwọn olùgbé kò sọ pé kí wọ́n má tún ọ̀nà ṣe. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó àwọn ará ìlú ni wọ́n fi la ọ̀nà náà, pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó ṣeé gbà fún ẹni tí kò fẹ́ san owó, àti pé owó tí ọlọ́kọ̀ èrò bá san ní ibodè, èrò inú ọkọ̀ ni yóò bù ú san nígbẹ̀yìn. Ẹ̀sùn kẹta yìí ni ó dun ará Ajah jù. Ní ọjọ́ Sátidé, 17 oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n tú jáde sí ibodè Admiralty, tí ará Èkó ń pè ní Tóògéètì; ọlọ́pàá fi tajútajú àti ìbọn tú wọn ká, wọ́n sì mú nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 120 náírà lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Oṣù mẹ́ta géérégé ṣáájú ọjọ́ náà, ní 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ni àwọn ará Amẹ́ríkà pàgọ́ sí ọgbà Zuccotti ní New York, ní ẹ̀bá òpópónà Wall Street, tí wọ́n ń sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ń kó ọrọ̀ jọ nígbà tí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ń san gbèsè. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará Ajah ń wo àwòkọ́ṣe wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 1 oṣù Kìíní ọdún 2012, tí lítà kan fò láti 65 náírà sí 141, orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ìwọ́de tí ó bẹ́ sílẹ̀, Occupy Nigeria, ti ọ̀dọ̀ àwọn ará New York wá. Ní Èkó, Òjótà ni èrò pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ọlọ́sẹ̀ kan, ìjọba dá a padà sí 97 náírà.

Lórí owó ibodè, ilé ẹjọ́ náà sọ tirẹ̀. Agbẹjọ́rò Ebun-Olu Adegboruwa pe ìjọba lẹ́jọ́ nípa afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 tí wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀. Ní 27 oṣù Kẹta ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ dájọ́ pé kò sí òfin tí ó ti owó náà lẹ́yìn. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì ń gba owó náà lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dájọ́. Ní 2018, owó ti Tóògéètì kúrò ní 120, ó di 200 náírà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Irú ohun kan náà, tí ó burú ju èyí lọ, ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ẹ̀gùn apẹja ní Otodo-Gbame, létí ọ̀sà ní Lekki. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Gómìnà Akinwùnmí Ambode kéde pé wọn yóò wó àwọn abúlé etí omi. Ní 7 oṣù Kọkànlá, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní 9 oṣù náà, iná àti katapílà wọ ìlú. Adájọ́ Adéníyì Onígbàǹjo sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2017 pé lílé ènìyàn jáde láìpèsè ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí jẹ́ ìwà ìkà tí ó tàpá sí òfin ilẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta àti ní 9 oṣù Kẹrin, ọlọ́pàá padà wá pẹ̀lú ìbọn àti iná, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì fi ọkọ̀ ojú omi sá gorí ọ̀sà. Ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ó pàdánù ilé wọn. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja níbẹ̀ ti bá òfin ṣe ohun gbogbo tí òfin ní kí wọ́n ṣe: wọ́n wọ́de lọ sí Aláùsá, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ní àlàáfíà, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n borí ní kóòtù. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ìdí tí ọ̀dọ́ Lekki fi gbàgbọ́ ní 2020 pé ojú títì nìkan ni ó kù, ó yẹ kí ó rántí Otodo-Gbame.

Ní ìhà ìlà oòrùn, ní Ìbẹ́jú-Lekki, ìlérí iṣẹ́ ni wọ́n fi gba ilẹ̀. Láti 2006 ni ìjọba ti ya ilẹ̀ 16,500 hẹ́kítà sọ́tọ̀ fún agbègbè òwò òmìnira, ìyẹn ibi tí ilé iṣẹ́ ti lè ṣòwò láìsan ọ̀pọ̀ owó orí tí àwọn yòókù ń san. Ní 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ìfẹ̀hónúhàn àwọn ará abúlé ní Okunraye yí padà di ìjà, wọ́n sì pa Tajudeen Disu, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ilẹ̀ náà fún ìjọba. Ikú rẹ̀ jẹ́ ìwà ọ̀daràn tí ẹnikẹ́ni kò lè dá láre, ó sì fi hàn bí ìbínú ilẹ̀ ti jinlẹ̀ tó. Ní 2023 ni èbúté olómi jíjìn àti ilé ìfọpo Dangote, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 650,000 àgbá epo lóòjọ́, ṣí níbẹ̀.

Ọdún 2020 ni gbogbo rẹ̀ pàdé. Ní oṣù Kejì, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ẹtí-Ọ̀sà pẹ̀lú, iṣẹ́ òòjọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò pẹ́ tí àrùn Kòrónà fi sé gbogbo ìlú mọ́lé. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé 27.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó tó iṣẹ́ ṣe ni kò ríṣẹ́, ti àwọn ọ̀dọ́ sì jẹ́ 34.9. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti kojú adigunjalè, ti sọ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí di oko owó fún ara rẹ̀: ẹni tí ó bá ní fóònù ńlá tàbí kọ̀ǹpútà àgbéká, wọn a ní oníjìbìtì ni, wọn a mú un dé ibi ẹ̀rọ ìgbowó kí ó lè fi owó ra ara rẹ̀ padà. Ibi tí àìfọkànbalẹ̀ ti ọmọ olówó àti ti ọmọ mẹ̀kúnnù ti kan ara wọn nìyí, nítorí géètì ẹ̀sìtéètì kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ SARS ní títì.

Láti 8 oṣù Kẹwàá ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ́de ENDSARS, kí ìjọba lè tú ẹ̀ka náà ká, ti gba Tóògéètì. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ rí i pé wọ́n ń fún ara wọn lóúnjẹ, wọ́n ń gbá ilẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ agbaláìsàn àti agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba kì í pèsè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, Feminist Coalition, kó owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ fún ìwọ́de jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìjọba tú SARS ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kò kúrò, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ti gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ní 20 oṣù Kẹwàá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde òfin kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì sún un sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kí aago méje tó lù, sójà ti dé, iná ibodè ti kú, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró lórí àwọn tí ó jókòó, tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, tí àsíá wà lọ́wọ́ wọn. DJ Switch fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ hàn gbogbo ayé lórí Instagram. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ ní àwọn kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọta tí kì í pani ni àwọn yìn. Ìgbà tí ó yá, ọ̀gágun wọn gbà níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí pé ọta gidi wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejì ìyìnbọn náà, àwọn ènìyàn kan sun ibodè náà, wọ́n sì kó ilé ìtajà Circle Mall ní ìhà Jákàǹdè, wọ́n sì dáná sun ún.

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí fi ìròyìn rẹ̀ jíṣẹ́ ní 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Nínú orúkọ 48 tí ó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó ní 11 kú, ó sì ní wọ́n ń wá mẹ́rin tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú; ó pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpànìyàn lọ́pọ̀, ó sì dábàá pé kí ibodè náà máa jẹ́ orúkọ ENDSARS. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Èkó gbé ìwé ìpinnu rẹ̀ jáde, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ ohun tí ó gbà àti ohun tí ó kọ̀ nínú ìròyìn ìgbìmọ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ikú náà. Ìjọba kan náà ni ó yan ìgbìmọ̀ náà, ó fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì wá kọ ohun tí ó rí. Àwọn òbí tí ó wá jẹ́rìí kò yẹ fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ìbínú náà wọ inú àpótí ìbò. Nínú ìdìbò ààrẹ ti oṣù Kejì ọdún 2023, ìbò ẹgbẹ́ Labour ní Ẹtí-Ọ̀sà ju ìlọ́po méjì ti ẹgbẹ́ APC lọ, Peter Obi, olùdíje ẹgbẹ́ Labour, sì borí ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606 ti Bọ́lá Tinúbú ti APC, gómìnà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn ọ̀nà Lekki lásìkò rẹ̀. Tinúbú ni ó di ààrẹ. Lọ́jọ́ tí ó gorí oyè, 29 oṣù Karùn-ún, ó kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù ní Èkó kúrò ní nǹkan bí 185 náírà, ó di 488, ó tún fò dé nǹkan bí 568 kí oṣù Keje tó parí. Náírà já wálẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà ti kọjá 34 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lọ́dún náà gan-an ni katapílà tún padà sí etí òkun. Títì tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ là láti Èkó dé Calabar, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, gba orí etíkun Landmark kọjá, níbi tí àwọn tí ó ni ín sọ pé ó lé ní ọgọ́rin ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ń jẹun. Ní Òkun-Ajah, àwọn ará ìlú gbé pátákó jáde, wọ́n ní títì náà yà kúrò lójú ọ̀nà tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ ní 2006, ó sì wọ inú ilé àwọn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí ó ní ìwé ilẹ̀ náà wà láàrin wọn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kéde ìwọ́de lòdì sí ebi láti 1 sí 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba Èkó sáré lọ sí kóòtù, kóòtù sì pàṣẹ pé ọgbà Gani Fawehinmi ní Òjótà àti ọgbà kan ní Kẹtu nìkan ni wọ́n ti lè wọ́de. Ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ sí Tóògéètì. Ará Ajah tí ó bá fẹ́ sọ fún ìjọba pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù ní láti kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ náà dé Òjótà.